Ẹ má wó ilé nítorí pé ẹ fẹ́ ṣí fèrèsé

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ láàárín àwọn oníṣòwò wa báyìí, láti Àjàṣẹ́ dé Kétu, láti Sábẹ̀ẹ́ dé Atakpamé ní ilẹ̀ Tógò. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni ti kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, ní ilé ìtajà ńlá tàbí ní ilé àjọ ìfowópamọ́. Ètò ìṣirò tó wà nínú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lè ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún ọdún. Ó mọ orúkọ gbogbo oníbàárà. Ó mọ ẹni tó jẹ gbèsè àti iye tó jẹ. Ó mọ iye àpò símẹ́ǹtì tó kù nínú ilé ìkẹ́rùsí. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá fi fóònù sanwó, kò gbọ́. Bí ìjọba bá ní kí wọ́n fi ìwé ìsanwó ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Akọ̀wé ni yóò jókòó lálẹ́, tí yóò máa wo fóònù, tí yóò sì máa fọwọ́ tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ibẹ̀ náà ni olè ti ń wọlé.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń wá bá àwọn àgbà ọjà, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká da ti àtijọ́ yìí nù. Màá fi èdè tuntun kọ òmíràn fún yín." Ọ̀kan á ní Python ló dára jù. Èkejì á ní kò sí ohun tó dà bíi JavaScript. Ẹ̀kẹta á ní Java ni àwọn báǹkì ńlá ń lò, òun ló yẹ wá. Àwọn àgbà á máa wojú ara wọn, torí wọn kò mọ ẹni tí wọn ì bá gbọ́ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀, owó gbogbo ẹgbẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi lé ẹnìkan lọ́wọ́ yẹn.

Èrò tèmi ni pé ìbéèrè tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ kò tọ̀nà. A ń béèrè pé èdè wo ló dára jù. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè ni pé: lọ́jọ́ tí ìwọ tó kọ ọ́ kò bá sí nítòsí mọ́, ta ni yóò tún un ṣe fún wa?

Kí ni èdè kọ̀ǹpútà?

Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Faransé, kò gbọ́ Ègùn. Nọ́ńbà lásán ló fi ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà ni àwọn èèyàn fi ṣe èdè kan tó wà láàárín, tí ọmọ ènìyàn lè kọ, tí ẹ̀rọ sì lè yí padà sí nọ́ńbà tirẹ̀. Èyí tó lókìkí jù nínú èdè ìṣòwò àtijọ́ ni COBOL, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1959. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Grace Hopper, tó jẹ́ ọ̀gá nínú ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí iṣẹ́ wọn bí èdè náà. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí ẹni tó ń tọ́jú ìwé owó lè ka àṣẹ tí wọ́n kọ fún ẹ̀rọ, kó sì yé e, kó má jẹ́ pé onímọ̀ ìṣirò nìkan ni yóò máa kà á.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mìíràn dé. Python jáde lọ́dún 1991. Java, PHP àti JavaScript jáde lọ́dún 1995, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́dún kan náà. Ẹ wo àwọn ọdún yẹn dáadáa. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí Java jáde ti lè ní ìyàwó àti ọmọ nílé báyìí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá fi "èdè tuntun" dẹ́rù bà yín, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín. Bí ó bá sì fi "ètò àtijọ́" dójú tì yín, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ọjọ́ orí kọ́ ni ìjà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó lówó jù wá lọ

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé iṣẹ́ pa, àìmọye èèyàn ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà ló lọ bá ìjọba láti gba owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ètò àtijọ́ ló ń ṣiṣẹ́ owó náà, COBOL ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Gómìnà ibẹ̀, Phil Murphy, bọ́ síwájú àwọn oníròyìn, ó kéde pé àwọn ń wá ẹni tó gbọ́ COBOL kó wá ran àwọn lọ́wọ́. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Kì í ṣe pé COBOL kò mọ ìṣirò. Àwọn tó gbọ́ ọ ló ṣọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ tó lè rọ́pò wọn kò sì pọ̀ tó. Wọ́n fi ilé sílẹ̀ láìkọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń tún òrùlé rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀yin tó ń sọ pé "ẹ jẹ́ ká da ti àtijọ́ nù", ẹ gbọ́ ti ẹlòmíràn. Báǹkì kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ TSB, tó ní oníbàárà tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, láàárín òpin ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n kó àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà kúrò nínú ètò tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, wọ́n kó o sínú tuntun. Nígbà tí ilẹ̀kùn máa ṣí, ariwo ta. Àwọn tí kò lè wọ inú àkáǹtì ara wọn tó 1,900,000. Àwọn kan tilẹ̀ rí àkáǹtì ẹni ẹlẹ́ni. Oṣù kejìlá ọdún náà ni nǹkan tó padà bọ̀ sípò. Lọ́dún 2022, àwọn aláṣẹ tó ń mójú tó báǹkì ní ilẹ̀ náà bu owó ìtanràn £48,650,000 lé wọn, yàtọ̀ sí £32,700,000 tí báǹkì náà ti san fún àwọn oníbàárà tí ìyà jẹ. Báǹkì yìí kò ṣàìlówó, kò sì ṣàìní akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ohun tí àwọn aláṣẹ rí wí ni pé wọn kò ṣètò ìṣíkiri náà bó ṣe yẹ.

New Jersey fi ti àtijọ́ sílẹ̀ títí ó fi di pé àwọn tó gbọ́ èdè rẹ̀ di ẹni à ń wá kiri. TSB kó gbogbo ẹrù ilé jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà wà láàárín méjèèjì, ọ̀nà náà sì ni mo fẹ́ ká gbà.

Ògbufọ̀ la nílò

Ẹ̀yin tó ń ná ọjà Ìgólò àti Kràké mọ ọ̀rọ̀ yìí dunjú. Bí ìyá kan tó gbọ́ Ègùn nìkan bá fẹ́ ra iṣu lọ́wọ́ ará Sábẹ̀ẹ́ tó gbọ́ Yorùbá nìkan, kò sẹ́ni tó máa ní kí ọ̀kan nínú wọn lọ gbàgbé èdè ìyá rẹ̀ kí ọjà tó lè tà. Ẹni tó gbọ́ méjèèjì ni wọ́n máa pè. Á dúró láàárín, á gbọ́ iye, á sọ iye, owó á yí ọwọ́ padà.

Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí ó rí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́. Ètò kékeré kan ni a ó kọ, tí yóò dúró láàárín ìwé ìṣirò àtijọ́ àti íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí owó bá wọlé sórí MoMo tàbí Moov Money, ilé iṣẹ́ fóònù á fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ògbufọ̀ yìí. Ògbufọ̀ á kà á, á yí i sí bí ìwé àtijọ́ ṣe ń kọ nǹkan, á sì kọ ọ́ sójú ewé tó yẹ. Ìwé àtijọ́ á máa ṣe iṣẹ́ tó ti mọ̀ ọ́n ṣe láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ má rò pé àbá àwọn tálákà ni èyí. Ẹ wo ibodè wa. Ètò tí àwọn aṣọ́bodè Bẹ̀nẹ̀ fi ń ṣe ìwé ẹrù, tí àwọn tó ń gba ẹrù jáde ń pè ní SYDONIA, apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yìí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí àjọ CEDEAO wá ìrànlọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ àjọ UNCTAD tó wà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Wọ́n ti tún un kọ láti ìgbà náà. Èyí tó wà lóde báyìí, Java ni wọ́n fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí CEDEAO fẹ́ kí ìròyìn ẹrù tó ń ti orílẹ̀-èdè kan kọjá sí òmíràn máa ṣáájú ọkọ̀ dé ibodè, wọn kò ní kí gbogbo aṣọ́bodè wá máa kọ̀wé sínú ìwé kan ṣoṣo. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan mú ìwé tirẹ̀ dání. Ọ̀nà ni wọ́n là sáàárín wọn, SIGMAT ni wọ́n sì sọ ọ́.

Orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Yúróòpù, Estonia, ti ń ṣe irú rẹ̀ láti ọdún 2001 pẹ̀lú ohun tí wọ́n pè ní X-Road. Ọ́fíìsì ìjọba kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú ìwé tirẹ̀. Bí wọn yóò ṣe máa bi ara wọn ní ìbéèrè ni wọ́n jọ fẹnu kò sí. Nígbà tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ náà ṣí service-public.bj lọ́dún 2020, àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ láti Estonia wà lára àwọn tó bá wọn ṣe é.

Ní Tógò, oṣù kẹrin ọdún 2020 kan náà tí New Jersey ń wá ẹni tó gbọ́ COBOL ni ìjọba ṣí ètò Novissi fún àwọn tí àrùn kòrónà dá iṣẹ́ wọn dúró. Ẹni tó ní fóònù kékeré lásán lè tẹ kọ́ọ̀dù. Wọ́n á fi nọ́ńbà káàdì ìdìbò rẹ̀ wo ìwé orúkọ àwọn olùdìbò tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá yẹ, owó á wọlé sórí fóònù rẹ̀. Wọn kò kọ́kọ́ lọ ka gbogbo ará ìlú ní ọ̀tun. Ìwé tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n so mọ́ fóònù.

Inú lẹ́tà ni kí ẹ wò

Lẹ́tà tí ògbufọ̀ ń gbé lọ gbé bọ̀ ni ọkàn iṣẹ́ yìí. Irú méjì ló wọ́pọ̀: XML, tó ti wà láti ọdún 1998, àti JSON, tó fúyẹ́ jù ú lọ. Inú rẹ̀ kò ju orúkọ ẹni tó san, iye tó san, ọjọ́ àti nọ́ńbà ìsanwó. Gbogbo èdè kọ̀ǹpútà tí mo dárúkọ lè kọ irú lẹ́tà yìí, wọ́n sì lè kà á. Ẹni tó gbà á ní ilé iṣẹ́ fóònù kò mọ̀ bóyá PHP ló kọ ọ́ tàbí Java. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé èdè kọ́ ni ohun àkọ́kọ́. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ máa ń wà nínú lẹ́tà fúnra rẹ̀, ó sì pọ̀ jù lọ sí mẹ́ta.

Èkíní ni owó. Sẹ́fà wa kò ní sẹ́ǹtì tí a ń ná. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ètò tí wọ́n kọ fún yúrò tàbí dọ́là ń ka owó ní sẹ́ǹtì, ọgọ́rùn-ún sẹ́ǹtì sí yúrò kan. Bí ògbufọ̀ kò bá mọ ìyàtọ̀, 5,000 sẹ́fà oníbàárà lè di 500,000 nínú ìwé, tàbí kó di 50. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Bí ẹni tó kọ ètò kò bá ṣọ́ra, JavaScript àti Python kì í rò ìdá owó bí a ṣe ń rò ó nílé ìwé. Ẹ ní kí wọ́n ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, wọn kò ní sọ 0.3 fún yín, 0.30000000000000004 ni wọ́n máa kọ síta. Lórí ìsanwó kan, kò jọ nǹkan kan. Lórí èlé ẹgbẹ̀rún ọmọ ẹgbẹ́ fún ọdún kan, ìwé lè má dọ́gba mọ́, ẹnìkan á sì máa fura sí ẹnìkejì. COBOL kì í ṣe irú àṣìṣe yìí nígbà tó bá ń ka owó, torí wọ́n ṣe é fún ìwé owó láti ìbẹ̀rẹ̀. Java ní irinṣẹ́ kan fún un tó ń jẹ́ BigDecimal, Python sì ní Decimal. Ẹ bi ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́ bóyá ó ń lò ó. Bí kò bá mọ ohun tí ẹ ń sọ, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Èkejì ni orúkọ. Orúkọ wa ní ẹ, ọ àti ṣ, ó sì ní àmì ohùn lórí. Ọ̀pọ̀ ètò àtijọ́ kò mọ àwọn lẹ́tà wọ̀nyí. Ẹ fi orúkọ Ọláṣubọ̀mí ránṣẹ́, èyí tó máa dé lè jẹ́ àmì ìbéèrè níbi tí Ọ àti ṣ yẹ kó wà. Ọ̀nà ìkọ̀wé kan wà tí àwọn ètò òde òní ń lò, UTF-8 ni wọ́n ń pè é, ó sì gba gbogbo lẹ́tà wa. Ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń yí ti àtijọ́ sí i, àti bí a ṣe ń yí i padà. Ṣùgbọ́n ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹgbẹ́ má fi orúkọ dá ẹni mọ̀ nínú ìwé owó. Ìyá Ṣadé mélòó ló wà ní ọjà Kétu? Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ ni kí ẹ lò.

Ẹ̀kẹta ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń já. Oníbàárà tẹ bọ́tìnnì, owó kúrò lórí fóònù rẹ̀, ìdáhùn kò dé. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ló san ni, àbí ẹ̀ẹ̀mejì? Ọ̀rọ̀ yìí ti lè dá ìjà sílẹ̀ níwájú ìsọ̀. Ògbufọ̀ tó dára á fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Bí nọ́ńbà kan náà bá tún padà wá, á ní òun ti gbà á, kò ní kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí iná bá lọ, á tọ́jú lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, á fi ránṣẹ́ nígbà tí iná bá dé.

Kò sí èdè kọ̀ǹpútà tó máa ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́ ló wà.

Èwo wá ni ká yàn?

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láìdáhùn. Ohun àkọ́kọ́ ni kí a wo ìdílé tí ìwé àtijọ́ náà ti wá. Bí ó bá jẹ́ ti ìdílé Microsoft, irú Access, SQL Server tàbí Visual FoxPro, C# ló sún mọ́ ọn jù, torí ilé kan náà ni wọ́n ti jáde. Ẹ kíyè sí FoxPro dáadáa: ọdún 2004 ni Microsoft gbé èyí tó kẹ́yìn jáde, wọ́n sì jáwọ́ nínú ìtọ́jú rẹ̀ pátápátá ní oṣù kìíní ọdún 2015. Ẹni tó bá ṣì ń lò ó gbọ́dọ̀ tètè wá ògbufọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ńlá irú ti báǹkì, tí COBOL wà nínú rẹ̀, Java ni mo fara mọ́, torí ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ti wà nílẹ̀ tó ń so àwọn méjèèjì pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ́fíìsì kékeré, tí ìwé àtijọ́ náà lè kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde sójú táblì lásán, Python tàbí PHP tó. WordPress tí àìmọye ojú òpó lórí íntánẹ́ẹ̀tì dúró lé, PHP ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí náà ẹni tó mọ̀ ọ́n kò ní ṣòro láti rí.

Ohun kejì, èyí tó lágbára jù lójú mi, ni kíka orí èèyàn. Ẹ lọ sí Kútọnu, Àjàṣẹ́ tàbí Parakú. Ẹ wá ẹni mẹ́ta tí kò mọ ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè ka ohun tí ọmọ náà kọ, kó sì tún un ṣe. Bí ẹ kò bá rí mẹ́ta, ẹ má gba èdè náà, ì báà dùn ju oyin lọ. Go tí Google gbé jáde lọ́dún 2009 dára. Rust náà dára. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹṣin tí ẹnìkan ṣoṣo nílùú lè gùn, ọjọ́ tí ẹni náà bá lọ sí Èkó tàbí Paris, ẹrù di ti orí ìyàwó ilé.

Ohun kẹta ni pé kí ó jẹ́ èdè kan. Bí ọmọ kan bá ní òun yóò fi Python kọ apá kan, òun yóò fi JavaScript kọ apá kejì, ẹ bi í pé nítorí kí ni. Ìdí lè wà. Ṣùgbọ́n èdè tó bá lé kan, owó àtúnṣe tó bá lé kan ni.

Àwọn ọ̀dọ́ lè sọ pé mo ń fi ọ̀rọ̀ àgbà dí ọ̀nà ìlọsíwájú. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ètò àtijọ́ tí ẹni tó ṣe é kò tọ́jú mọ́ lè ní ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ̀. Ẹ̀rọ tó gbé e lè kú lọ́sàn-án kan, kí a má rí irú rẹ̀ rà mọ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a so ìwé àtijọ́ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní tààrà. Ògbufọ̀ ni kó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí aṣọ́gbà. Ìdí nìyẹn náà tí mo fi fẹ́ ká ṣí kúrò nínú ilé àtijọ́ ní yàrá kọ̀ọ̀kan: orúkọ àwọn oníbàárà lọ́dún yìí, ìwé gbèsè lọ́dún tó ń bọ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Níwọ̀n ìgbà tí ògbufọ̀ bá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó wà níta kò ní mọ̀ pé yàrá kan ti yí padà. Wàrà wàrà là ń yọ oró iná, ṣùgbọ́n ìwé owó kì í ṣe iná. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti fara mọ́ ìyára ni kíkó àkọsílẹ̀ jáde. Bí ẹni tó kọ ètò àtijọ́ bá ti kú tàbí tó ti lọ, ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ èdè kankan.

Àwọn àgbà kan náà wà tí wọ́n ń sọ pé ìwé àti bírò ti tó wa. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti ń béèrè ìwé ìsanwó tí wọ́n ń pè ní facture normalisée, tó ní àmì tí fóònù lè kà lára rẹ̀, wọ́n sì ti ṣí ọ̀nà e-MECeF lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ètò ilé ìtajà lè gbà bá ilé iṣẹ́ owó-orí sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀ á máa fi ọwọ́ ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àdéhùn ṣáájú owó

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ibi yòówù kí ẹ gbà, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé nǹkan márùn-ún yìí wà nínú ìwé àdéhùn.

Èkíní, ohun tí ó kọ, ti ẹgbẹ́ ni. Kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ alága, kí òmíràn wà lọ́wọ́ akápò, ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Èkejì, kọ́ọ̀dù ìwọlé sínú àkáǹtì owó orí fóònù kò gbọdọ̀ wà ní orúkọ ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́. Ẹgbẹ́ ni kó ni ín, kí èèyàn méjì sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹta, fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ògbufọ̀ máa kà nìkan, kó má tíì kọ nǹkan kan sínú ìwé àtijọ́. Akọ̀wé á ṣì máa fọwọ́ kọ ọ́ bó ṣe ń ṣe. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, kí wọ́n gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti dọ́gba léraléra ni kí ẹ tó gbà á láyè láti kọ.

Ẹ̀kẹrin, kí ó kọ ìwé kan sílẹ̀, ní Faransé tàbí ní Yorùbá, tó ṣàlàyé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí ògbufọ̀ ń gbà àti èyí tó ń fi ránṣẹ́, àti ibi tí ó ń tọ́jú wọn sí nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má san owó tán. Kí ìdá tó kẹ́yìn wà lọ́wọ́ yín títí ẹ ó fi pe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ mìíràn, ẹni tí kò mọ ọmọ náà rí, kó wá yí ohun kékeré kan padà nínú iṣẹ́ náà. Bí ó bá lè ṣe é, tí gbogbo nǹkan sì ń lọ déédéé, ẹ ti ra ohun tó jẹ́ tiyín. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ̀wọ̀n ni ẹ fẹ́ fi owó ara yín rà.

Ọmọ tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí àdéhùn yìí. Yóò rí i pé àwọn àgbà tó gbé iṣẹ́ fún òun mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ pé wọn kò ní fi ẹ̀sùn kan òun nígbà tí ìwé kò bá dọ́gba. Ẹni tó bá fapá jánú, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Owó tó wà nínú ìwé àtijọ́ yẹn, owó ẹni tó ń ta gàrí ni, owó ẹni tó ń gbé ọ̀kadà, owó opó tó ń dá 200 sẹ́fà lójúmọ́ kí ó lè san owó ilé ìwé ọmọ. Wọn kò ní mọ̀ bóyá Python ló gbé owó wọn tàbí Java. Ohun tí wọ́n máa mọ̀ ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá gba owó wọn, ó pé tàbí kò pé. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ yín tó ń bọ̀, kí ẹ tó jíròrò èdè, ẹ bi akọ̀wé yín ní ìbéèrè kan: ta ló lè tún kọ̀ǹpútà wa yìí ṣe lọ́la? Bí orúkọ ẹnìkan ṣoṣo bá jáde, tàbí tí kò bá sí orúkọ kankan, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.